Ìtọ̀ Títa Lára Obìnrin: Ohun Tí Ó Ń Fà Á àti Ọ̀nà Tí A Fi Lè Dènà Rẹ̀

Bí àlejò bá dé Pópó Yemọja ní ìlú Ìbàdàn, tí ó sì béèrè ohun tí ó fún àdúgbò náà ní orúkọ, ilé òrìṣà Yemọja ni wọn yóò nawọ́ sí. Yemọja, Yèyé-ọmọ-ẹja, ìyá tí ó ni omi, ni àwọn obìnrin ti ń tọ̀ lọ láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ọmọ àti nítorí àlàáfíà ara. Àwọn baba ńlá wa kò ka omi sí ohun mímu lásán. Wọ́n gbà pé omi àti ìlera obìnrin kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Síbẹ̀, bí a bá kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé òrìṣà yìí, tí a gba Mápó dé Ọjà'ba, tí a sì yà sí Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrunkà, a ó rí ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n jókòó ti ọjà wọn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń sá fún omi mímu. Kì í ṣe pé òùngbẹ kò gbẹ wọ́n. Ohun tí ó ń dà wọ́n láàmú ni ìbéèrè kan: bí àwọn bá mu omi, níbo ni àwọn yóò ti tọ̀?

Ìbéèrè yìí dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni àìsàn ńlá kan ti ń rí ọ̀nà wọlé. Àìsàn náà ni àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ṣe ìṣirò rẹ̀ káàkiri ayé pé, bí a bá kó obìnrin 10 jọ, ó kéré tán, nǹkan bí 5 nínú wọn ni yóò bá àìsàn yìí pàdé lẹ́ẹ̀kan nígbà ayé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì tún padà mú. Àìsàn tí ó wọ́pọ̀ tó báyìí kò yẹ kí ó jẹ́ ohun tí a ń sọ ní kọ̀rọ̀.

Orúkọ tí a ń pè é

Orúkọ ní í ro ni, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ń ro àìsàn. Bí obìnrin bá sọ nínú agboolé pé ìtọ̀ ń ta òun, tàbí pé ìtọ̀ òun gbóná, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn àwọn tí ó gbọ́ ni àtọ̀sí. Àtọ̀sí sì rèé, àìsàn tí a ń kó láti ara ẹlòmíràn nípa ìbálòpọ̀ ni. Nígbà náà ni ọkọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí ìyàwó òun ti lọ, ìyàwó náà yóò máa fura sí ọkọ rẹ̀, àwọn ìyá ọkọ yóò sì máa sọ òkò ọ̀rọ̀. Ilé tí ó ti tòrò á wá dàrú nítorí ohun tí àyẹ̀wò ìtọ̀ kan ṣoṣo ìbá ti yanjú. Nítorí ẹ̀rù irú èyí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe ń pa á mọ́ra. Yorùbá sì ti sọ pé ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ó yẹ kí a ya àìsàn mẹ́ta sọ́tọ̀ níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni àtọ̀sí gan-an, èyí tí Albert Neisser, dókítà ará Jámánì, rí kòkòrò tí ó ń fà á ní 1879. Ìkejì ni àtọ̀sí ajá, tí í máa mú kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀, pàápàá lára àwọn ọmọdé. Aràn ni ó ń fa ìyẹn; inú omi odò tí kò ṣàn dáadáa, tí àwọn ìgbín omi kan ń gbé, ni ènìyàn ti ń kó o bí ó bá wọ inú omi náà. Theodor Bilharz, ọmọ Jámánì mìíràn, ni ó rí aràn náà ní orílẹ̀-èdè Íjíbítì ní 1851. Ìkẹta ni àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kòkòrò tí ó máa ń fa ìyẹn jù lọ kò wá láti ara ọkọ, kò sì wá láti inú odò. Inú ìfun obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ti wá. Àìsàn mẹ́ta ni wọ́n, ohun tí ó ń fà wọ́n yàtọ̀, oògùn wọn sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá pè wọ́n ní orúkọ kan ṣoṣo yóò lo oògùn kan fún gbogbo wọn, yóò sì ṣìnà.

Orúkọ mìíràn tún wà tí àwọn tí wọ́n kàwé ń lò, èyí náà sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Wọ́n a máa pè é ní àrùn tọ́lẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé ara ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìdọ̀tí ni kòkòrò ti ń fò mọ́ obìnrin. Ìgbàgbọ́ yìí ti mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àti àwọn òṣìṣẹ́ máa sá fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé àti ti ibi iṣẹ́, kí wọ́n sì máa há ìtọ̀ mọ́ra di ìgbà tí wọ́n bá padà délé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìdọ̀tí kò dára, ó sì lè kó àrùn inú rírun ran ènìyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ìjókòó rẹ̀ ni àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ ti ń wá. Ìtọ̀ tí a há mọ́ra nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀ gan-an ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn náà.

Bí ara ṣe ń ṣe ìtọ̀

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà. Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, lẹ́yìn ìfun, ní abẹ́ ìhà. Iṣẹ́ asẹ́ ni wọ́n ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ kan, omi tí ó ń gba inú asẹ́ wọn kọjá tó nǹkan bí lítà 180. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá èyí tí ó pọ̀ jù lọ padà sínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí lítà 1 sí 2 péré ni ó sì ń di ìtọ̀. Ìtọ̀ yìí a máa gba inú ọ̀nà tín-ín-rín méjì sọ̀kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn. Bí àpò náà bá ti fẹ́ kún, ara a pe ènìyàn láti tọ̀; ìtọ̀ a sì gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo jáde.

Gígùn ojú ọ̀nà ìkẹyìn yìí ni ó fa ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Ti ọkùnrin gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20. Ti obìnrin kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnu ọ̀nà ti obìnrin kò jìnnà sí ojú ara, kò sì jìnnà sí ibi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde. Bí ọ̀tá bá fẹ́ wọ ìlú méjì, tí odi ọ̀kan sì súnmọ́ àafin ju ti èkejì lọ, a mọ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ wọ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí obìnrin ni ó ń fa àrùn yìí, kì í sì í ṣe ìwà rẹ̀. Bí a ṣe dá a ni.

Kòkòrò tí ó ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí jù lọ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Escherichia coli. Theodor Escherich ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1885, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Bí a bá mú obìnrin 10 tí àrùn yìí mú, tí ara wọn sì le tẹ́lẹ̀, òun ni a ó bá nínú ìtọ̀ àwọn bí 8. Kòkòrò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé, bí a bá to 500 wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, gígùn wọn kò ju mìlímítà 1 lọ. Nínú ìfun kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ilé rẹ̀ ni ó wà. Ìgbà tí ó bá ṣí kúrò níbẹ̀ dé inú àpò ìtọ̀ ni ó di ọ̀tá.

Níbi tí ààyè bá ti gbà á dáadáa, kòkòrò kan lè pín sí méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Méjì a di mẹ́rin, mẹ́rin a di mẹ́jọ. Tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 8, kòkòrò kan ṣoṣo ti ju mílíọ̀nù 16 lọ. Wákàtí 8 kò pọ̀ jù fún obìnrin tí ó pàtẹ ní Ọjà'ba láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ láìtọ̀. Ìgbàkígbà tí a bá tọ̀ ni à ń fọ àpò náà nù, tí à ń ti àwọn àlejò burúkú náà síta kí wọ́n tó di púpọ̀. Ẹni tí kò mu omi kò ní ohun tí yóò fi fọ̀ ọ́. Ẹni tí ó sì há ìtọ̀ mọ́ra fún àwọn kòkòrò ní àkókò láti bí sí i.

Àwọn àmì rẹ̀

Bí àrùn yìí bá wà nínú àpò ìtọ̀ nìkan, ìtọ̀ yóò máa ta obìnrin bí ata. Yóò máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́. Bí ó bá dé ilé ìtọ̀, díẹ̀ ni yóò jáde. Ìsàlẹ̀ ikùn lè máa dùn ún. Ìtọ̀ náà lè ṣú, kí ó máa rùn, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Bí kòkòrò bá ti gòkè dé kíndìnrín, ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ibà líle, gbígbọ̀n òtútù, ìrora ní ẹ̀yìn lábẹ́ ìhà, àti èébì ni àmì rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá rí ibà àti òtútù ibà ẹ̀fọn ni ó ń rò, oògùn ibà ẹ̀fọn ni yóò sì máa lò. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin yóò kọjá, kòkòrò náà lè ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, èyí sì lè pa ènìyàn. Nítorí náà, bí ibà bá dé pẹ̀lú ìrora ẹ̀yìn tàbí ìtọ̀ títa, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Àwọn aboyún

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni aboyún. Nínú oyún, àwọn ọ̀nà tín-ín-rín tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ a máa dẹ̀, ilé ọmọ tí ó ń tóbi sí i a sì máa tẹ̀ wọ́n, ìtọ̀ kò sì ní í tètè ṣàn mọ́. Èyí tí ó ṣòro jù ni pé kòkòrò lè pọ̀ nínú ìtọ̀ aboyún kí ìrora kankan má sì sí. Edward Kass, dókítà kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ni ó là wá lójú sí èyí láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ó fi hàn pé bí kòkòrò bá ti tó 100,000 nínú mìlílítà 1 ìtọ̀, àrùn ti wà níbẹ̀, yálà ara ń ro ènìyàn tàbí kò ro ó. Láàárín aboyún 100, irú èyí a máa wà lára bí 2 sí 10. Bí a kò bá tọ́jú wọn, ó lè dé kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì lè mú kí obìnrin bí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Ìdí rèé tí àwọn nọ́ọ̀sì ìgbẹ̀bí fi ń béèrè ìtọ̀ nígbà tí aboyún bá lọ fún àyẹ̀wò. Kì í ṣe àṣà òyìnbó lásán. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún tẹnu mọ́ ọn pé kí a fún aboyún tí irú kòkòrò yìí bá wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ ní oògùn fún ọjọ́ 7, bí kò tilẹ̀ mọ ìrora kankan. Obìnrin Pópó Yemọja kò sì jìnnà sí ìrànlọ́wọ́. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtu, níbi tí àwọn dókítà Yunifásítì ti ń ṣiṣẹ́ kí ilé ìwòsàn ńlá UCH tó ṣílẹ̀kùn ní 1957. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí Yemọja fún òun lọ́mọ kò ṣẹ òrìṣà bí ó bá gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ sí Yemẹtu fún àyẹ̀wò.

Bí a ṣe lè dènà rẹ̀

Èkíní ni omi. Omi ò lọ́tàá. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 140 tí àrùn yìí ń mú léraléra, tí wọn kì í sì í mu omi tó. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn máa fi lítà 1 àbọ̀ kún omi tí wọ́n ń mu lóòjọ́, kí àwọn yòókù sì máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láàárín oṣù 12, àrùn náà mú àwọn tí kò fi omi kún un ní ìwọ̀n ìgbà 3.2, ó mú àwọn tí ó fi omi kún un ní ìwọ̀n ìgbà 1.7 péré. Lítà 1 àbọ̀ kò ju omi inú ọ̀rá mẹ́ta lọ. Kò sí àgúnmu tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Èkejì, kí obìnrin má ṣe há ìtọ̀ mọ́ra. Bí ara bá ti pè é, kí ó dìde. Kí ó jókòó tàbí kí ó lóṣòó dáadáa, kí ó sì tọ̀ tán pátápátá.

Ẹ̀kẹta, bí obìnrin bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn ni kí ó máa nu ara tàbí kí ó máa fi omi ṣan án, kí ó má ṣe fa ìdọ̀tí ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ọmọdébìnrin ni a ti ń kọ́ ní èyí.

Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kí obìnrin lọ tọ̀. Ìbálòpọ̀ a máa ti kòkòrò tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà wọ inú; ìdí nìyí tí àrùn náà fi máa ń mú ọ̀pọ̀ ìyàwó tuntun. Èyí kò fi hàn pé ọkọ tàbí aya dalẹ̀. Ìwádìí kò tíì fi ìdí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin yìí múlẹ̀ bí ó ti fi ìdí omi mímu múlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ń gbani níyànjú nípa wọn, nítorí pé wọn kò náni ní ohunkóhun.

Ẹ̀karùn-ún, kí obìnrin má ṣe fi ọṣẹ líle, álọ́ọ̀mù tàbí omi apakòkòrò fọ inú ojú ara. Àwọn kòkòrò rere wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá pa wọ́n ti pa ẹ̀ṣọ́ ilé ara rẹ̀. Omi lásán tó fún ìta, inú kò nílò fífọ̀.

Ẹ̀kẹfà, kí àwọn tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ máa ṣọ́ ṣúgà ara wọn, nítorí pé àrùn yìí a máa tètè mú wọn. Kí àwọn ìyá àgbà tí nǹkan oṣù wọn ti dá dúró sì mọ̀ pé ara tí ó gbẹ lẹ́yìn ìgbà náà ń gba àrùn láàyè. Oògùn tí a ń lò sí ojú ara wà fún èyí ní ilé ìwòsàn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ó bá ti mú ènìyàn ńkọ́?

Àyẹ̀wò ni ó kàn. Ìtọ̀ tí a ń gbé lọ kì í ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ jáde. Kí obìnrin fọ ìta ara rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, kí ó gba ti àárín sínú ìgò mímọ́, kí ó sì tètè fi jíṣẹ́. Àyẹ̀wò náà ni yóò sọ irú kòkòrò tí ó wà níbẹ̀ àti oògùn tí ó lè pa á.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí obìnrin lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn, kí ó ra kápúsù pupa òun ìyeyè mẹ́rin péré, kí ó lo méjì, kí ó sì fi méjì pamọ́. Kápúsù bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ tẹtirasáíkílìn, tí ó lè ba eyín ọmọ inú oyún jẹ́. Oògùn tí kò pé kì í pa gbogbo kòkòrò. Àwọn tí ó le jù lọ ni ó ń ṣẹ́kù, àwọn ni wọ́n sì ń bí ọmọ. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oògùn tí ó gbéṣẹ́ nígbà kan kò fi gbéṣẹ́ mọ́ lónìí.

A kò níí bú àwọn ìyá elégbòogi. Ewé wúlò, inú ewé sì ni ọ̀pọ̀ oògùn òyìnbó ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ara fúnra rẹ̀ a máa ṣẹ́gun àrùn àpò ìtọ̀, ẹni tí ó sì mu àgbo nígbà náà yóò fi ọpẹ́ fún àgbo. Bí ó bá mu àgbo, tí ìtọ̀ ṣì ń ta á lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tàbí tí ibà dé, tàbí tí ó jẹ́ aboyún, kí ó má ṣe dúró mọ́.

Iṣẹ́ tí ó kù

Gbogbo ìmọ̀ràn yìí yóò di òtúbáńtẹ́ bí obìnrin kò bá rí ibi tọ̀. A kò lè sọ fún ìyá tí ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà'ba pé kí ó mu omi, kí a má sì ṣe ilé ìtọ̀ tí ó ní ìlẹ̀kùn àti omi sí tòsí rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, iṣẹ́ àwọn ìyálọ́jà ni, iṣẹ́ àwọn baálé agboolé sì ni pẹ̀lú.

Iṣẹ́ olùkọ́ náà ni. Ọmọbìnrin tí ó nawọ́ sókè nínú kíláàsì pé òun fẹ́ tọ̀, tí wọ́n sì ní kí ó jókòó di ìgbà ìsinmi, ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ náà tí kò sí nínú ìwé: pé kí ó máa há a mọ́ra. Ẹ̀kọ́ náà ni yóò gbé dé ọjà, dé ibi iṣẹ́ àti dé ilé ọkọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó dìde, tí ó sì rí i pé ilé ìtọ̀ ilé ìwé mọ́, ti tọ́jú kíndìnrín rẹ̀ fún ọjọ́ ọ̀la, kò sì ná kọ́bọ̀.